Eré Bíríkì Tí Ẹ Kò Parí

Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ lọ, Bàbá wa. Ọdún mẹ́rin géérégé!

Lọ́dọọdún, ìròyìn ayọ̀ la máa ń kó wá bá yín. Lọ́dún àkọ́kọ́, a sọ fún yín pé Àkọ́bí ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ti ríṣẹ́. Lọ́dún kejì, a sọ fún yín pé a ti parí yàrá méjì tó kù lókè, a ti kan ilẹ̀kùn, a ti kun ògiri. Lọ́dún tó kọjá, a sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀bù bátìrì yín kò kú, pé Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló ń bójú tó o, pé èéfín rẹ̀ ṣì ń rú lẹ́yìnkùlé bí ìgbà tí ẹ wà níbẹ̀. A fi èéfín yẹn yangàn fún yín! Ẹ forí jì wá. A ò mọ ohun tí à ń sọ.

Tọdún yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀, ẹ̀yin ló sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ ò lè gbàgbé kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ẹ fi ọ̀rá bo kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ nítorí eruku. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni yín nígbà tí ẹ sọ fún Àkọ́bí pé kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin yín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan tẹ fóònù?" Ẹ ní, "Ìka kan náà ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Dìde ńlẹ̀ kó o wá kọ́ mi."

Ó sì kọ́ yín. Ẹ sì mọ̀ ọ́n!

Eré bíríkì lẹ fẹ́ ṣe, eré àtijọ́ tí ẹ máa ń ta nínú ẹ̀rọ kékeré ìgbà èwe yín. Bíríkì onígun mẹ́rin mẹ́rin á máa já bọ́ látòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń ta á á máa yí i, á máa tì í sọ́tùn-ún sósì, kí ó lè jókòó sí ibi tó bá a mu. Bí ìlà bíríkì kan bá kún láti igun dé igun, ìlà náà á pòórá. Bí wọ́n bá gorí ara wọn títí wọ́n fi kan òkè, ó parí nìyẹn. Ta ni kò ta á rí? Àmọ́ ẹ ní tàwọn ẹlòmíì kò láàánú. Ẹ ní, "Kì í wojú ẹni. Arúgbó ni o, ọmọdé ni o, ìwọ̀n kan náà ló ń sáré fún."

Nítorí náà, tiyín gbọ́dọ̀ láàánú. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà máa ka iye tó kọjá láàárín ìgbà tí bíríkì bá yọjú àti ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó ń ta bá mira. Kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, lábẹ́ ìnagijẹ oníkálùkù. Bí ọwọ́ ẹni bá yá, kí bíríkì máa já wìì. Bí ọwọ́ ẹni bá lọ́ra, kí bíríkì ní sùúrù fún un.

Àwa pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ọgbọ́n náà ni. Àmọ́ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Gbogbo wa la ta eré náà. Ẹ̀yin àti Sọjà, ọkùnrin gíga tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ń ta á lọ́sàn-án nígbà tí òjé tí ẹ yọ́ látinú bátìrì bá ń tutù. Lálẹ́, ẹ ó gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀, Ìyá wa á ta tiwọn. Ibì kan ṣoṣo ló kù kó tó parí: bíríkì gígùn. Bí èèyàn bá yí i lẹ́bàá ògiri, á gba inú ògiri kọjá, a ò ní rí i mọ́. Oṣù méjì lẹ fi bá a fà á. Ibẹ̀ lẹ wà tí inú rírun fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ wà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ohun tí kì í bí yín nínú tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kíndìnrín ni. A gbé yín lọ sílé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé, a kò gbé yín padà wálé.

Ọmọ ọdún méjì lé díẹ̀ ni Àbíkẹ́yìn nígbà náà. Kò mọ ojú yín.

Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Àkọ́bí gba ìsinmi oṣù kan níbi iṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ eré bíríkì. Ìyá wa ní, "Ti bàbá ẹ lo fẹ́ parí?" Ó ní, "Rárá o, Mọ́mì. Tèmi ni màá kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ orúkọ wọn ló máa wà lókè." Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jókòó sí yàrá òkè, ó ń kọ ọ́ láàárọ̀, ó ń kọ ọ́ lọ́sàn-án. Bíríkì tó ba yín lórí jẹ́ fún oṣù méjì, ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi ṣẹ́gun rẹ̀: ó ní kí bíríkì kọ́kọ́ bi ògiri léèrè bí àyè bá wà kó tó yí, bí kò bá sí, kó sún sẹ́yìn lẹ́sẹ̀ kan. Ó pariwo, gbogbo wa sáré gòkè, a ń jó. Ìyá wa ní, "Bàbá ẹ ì bá ti gbé ẹ sókè!"

Ohun méjì péré ló mú nínú tiyín. Ó mú òfin àánú. Ó sì mú fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń kọ ọwọ́ oníkálùkù sí, kí máàkì yín má bàa pa rẹ́. Gbogbo wa la ṣì wà nínú fáìlì yẹn, torí pé Bàbá Kékeré kò yéé ta eré yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní bí àwọn bá ń ta á, ó máa ń dà bíi pé ẹ jókòó ti àwọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Àkọ́bí ní kí kọ̀ǹpútà ya bí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó ní ìlà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé òní. Ẹ̀rín ló fẹ́ fi wá rín. Ó fẹ́ mọ ẹni tó lọ́ra jù. Ó yẹ kí ìlà máa sọ̀kalẹ̀, torí bí ọwọ́ bá ṣe ń mọ eré, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yá sí i. Ti Ìyá wa sọ̀kalẹ̀, ó dúró. Ti Àkọ́bí sọ̀kalẹ̀, ó dúró.

Tiyín sọ̀kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí ó fi di ìlọ́po méjì, ó sì gé ní ọ̀sẹ̀ tí a gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

Ti Sọjà rí bákan náà.

Ti Bàbá Kékeré sọ̀kalẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó yí padà, ó ń gòkè. Kò tíì gé. Lánàá òde yìí ni àmì tó kẹ́yìn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, Bàbá. Àmọ́ ẹni tó bá ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fura sí. Ó ní òun ni òun ṣàṣìṣe. Ó yẹ aago inú kọ̀ǹpútà wò, aago pé. Ó pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù, kò yàtọ̀. Ó ka gbogbo ohun tó kọ, ó wá ṣí tiyín, ó ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó ń gbàdúrà pé kí òun rí àṣìṣe. Ta ló ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀? Ọmọ yín gbà á lọ́jọ́ yẹn!

Kò rí àṣìṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ fún ara yín ló rí láàárín àwọn àṣẹ, irú èyí tí èèyàn ń kà tí kọ̀ǹpútà kì í kà. Ẹ kọ ọ́ ní oṣù mọ́kànlá kí ẹ tó lọ. Ẹ ní: "Ọwọ́ mi ń lọ́ra. Àgbà ti dé. Ṣùgbọ́n máàkì mi ò wálẹ̀. Eré yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀."

Àkọ́bí fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti yé e. Bí ọwọ́ yín ṣe ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ ni bíríkì ń ní sùúrù fún yín. Máàkì yín kò wálẹ̀, torí náà ẹ̀rù ò bà yín. Ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni nínú wa. Àánú ló bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀!

Ìlà kan ló kù tí kò tíì yà, ti Àbíkẹ́yìn, tó di ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí, tó ti ń ta eré náà ní pálọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ojoojúmọ́ ló yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ máa yá sí i. Àkọ́bí tẹ bọ́tìnnì. Ó wo ìlà náà bó ṣe ń gòkè. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sọ̀kalẹ̀. Àbíkẹ́yìn jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, inú ń run mí." Ó ti ń wí bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwa ń sọ pé kò fẹ́ lọ sílé ìwé ni.

Àkọ́bí gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bàbá Kékeré wà lórí àpótí, wọ́n ń fi òòlù la bátìrì, iná ń jó lábẹ́ ìkòkò òjé.

Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Ọwọ́ yín ń lọ́ra. Eré bíríkì ló kà á sílẹ̀. Ti Bàbá náà rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí! Géèmù ló ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi? Kí la wá máa jẹ? Bíríkì?"

Kò bá wọn jiyàn. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò jọ Ìyá wa, ẹ̀yin ló jọ. Ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn, ó yọ òfin àánú kúrò, ó dá eré padà sí ìwọ̀n ọwọ́ wọn ní oṣù tí wọ́n mọ̀ ọ́n ta jù. Ó ní, "Ẹ ta á lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá yege, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

Bàbá Kékeré nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, wọ́n jókòó. Bíríkì ń já bọ́. Kí wọ́n tó yí ìkíní, ìkejì ti dé. Ó kan òkè. Wọ́n ní àwọn ò tíì múra. Wọ́n tún un ta, ó tún kan òkè. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú kó lè dúró, bíríkì sì ń gorí ara wọn lọ bí ẹni ń mọ ògiri sàréè. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ ọrùn ọwọ́ náà, ọwọ́ so rọ̀ bí ewé tí kò rómi.

Iná ń jó.

Wọ́n ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi. Mo rò pé mo sùn lé apá ni." Wọ́n wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Fi tiwọn hàn mí."

Ó fi ìlà yín hàn wọ́n. Àbúrò yín wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n bu omi sí iná náà fúnra wọn.

Dókítà tí a bá nílé ìwòsàn jẹ́ obìnrin àgbàlagbà, ohùn rẹ̀ kò le. Ẹ̀rù ń bà wá pé á fi ìlà bíríkì wa ṣẹ̀sín. Kò ṣẹ̀sín. Ó bi wá léèrè iṣẹ́ tí à ń ṣe, a sọ ọ́, ó sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, èsì dé. Òjé inú bátìrì wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, májèlé tó ń pa iṣan ọwọ́ ni. Díẹ̀ wà lára Àkọ́bí àti Ìyá wa. Ti Bàbá Kékeré pọ̀. Ti Àbíkẹ́yìn ju ti Bàbá Kékeré lọ!

Ìyá wa kígbe. "Ọmọ tí kò dé ṣọ́ọ̀bù rí! Mi ò jẹ́ kó dé ibẹ̀ rí!"

Dókítà ní, "Mo gbọ́, ìyá. Kí ló wá ń ti ṣọ́ọ̀bù wọlé?"

Ìyá wa ló dáhùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀wù."

Ẹ̀wù iṣẹ́ yín ni, Bàbá, aláwọ̀ búlúù yẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, Ìyá wa kò fọ̀ ọ́, nítorí òórùn yín wà nínú rẹ̀. Òun la fún Àbíkẹ́yìn pé kó máa fi sùn. Àwa la fún un! Àwa la sọ fún un pé, "Bàbá ẹ rèé." Ọdún mẹ́rin ló fi ń fi kọ́là rẹ̀ sẹ́nu sùn. Dókítà ní eruku òjé kì í jẹrà, kì í gbó, ibi tó bá bà sí ló ń gbé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwa ló ń ká a bo ọmọ lára.

A bi dókítà pé ṣé òjé náà ló mú yín lọ. Ó ní òun ò lè búra, torí ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nígbà náà. Àmọ́ ó wo ìlà yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì mi orí bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ yẹn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í wá Sọjà. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí a ti sin yín, ó ní òun ń lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ẹ̀gbọ́n náà ló gbé fóònù. Àkọ́bí sọ ẹni tí òun jẹ́, ó ní òun fẹ́ kí Sọjà tètè lọ ṣe àyẹ̀wò. Obìnrin náà dá a lóhùn. Ó ní, "Ẹ pẹ́ jù. Oṣù keje rèé tí a ti sin ín." Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá wa kí Sọjà.

Báyìí, ṣọ́ọ̀bù yín ti wà ní títì. A gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá Kékeré gba yàrá kan sẹ́bàá títì, fáànù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ wọn ti ń gbé ife, kò tíì lè mú abẹ́rẹ́. Ìyá wa ló fi ìbọ̀wọ́ ká ẹ̀wù náà sínú àpò fún àwọn ará ilé ìwòsàn. Wọn kò sunkún níwájú wa. Àbíkẹ́yìn ló sunkún, ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ń bi wá pé níbo ni wọ́n gbé Dádì òun lọ.

Àkọ́bí ti parí eré náà. Àánú ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kì í dákẹ́ mọ́: bí ọwọ́ ẹnì kan bá ń lọ́ra, á kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹni náà pé ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, kó lọ rí dókítà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bátìrì mẹ́ta tó wà ní òpópónà wa. Àwọn àkọ́kọ́ lé e jáde. Àwọn kejì ta á, wọ́n pa á ní yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ẹlẹ́ẹ̀kẹta ta á fún ọjọ́ mẹ́wàá, títí ọ̀rọ̀ náà fi jáde síwájú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo Àkọ́bí, ó ní, "Padà wá lọ́la." Nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, èéfín sì ń rú lókè òrùlé. Ó ṣì ń rú, Bàbá. Bí afẹ́fẹ́ bá yí láti ọ̀hún, a máa ń sáré ti fèrèsé.

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ ò mọ̀! Bí ẹ bá mọ̀ ni, ẹ̀yin náà ì bá ti bu omi sí iná yẹn. Iná yẹn lẹ fi bọ́ wa, òun lẹ fi kọ́lé, òun lẹ fi rán Àkọ́bí nílé ìwé. Inú ń bí wa nígbà mìíràn, a ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin là ń bínú sí.

Àbíkẹ́yìn ti lo oògùn rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì tán. Ìlà rẹ̀ ti dúró. Kò gòkè mọ́, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wa la máa bá a lọ, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àyà wa ń já. Ẹ̀yin là bá fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì yẹn, kẹ́ ẹ máa pàwàdà fún un, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n pa bíi tiyín nínú ilé yìí.

Àárò yín ń sọ wá, Bàbá. Ó ń sọ wá lójoojúmọ́! A fẹ́ràn yín nígbà tí a kò mọ nǹkan kan. A ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, a ṣì fẹ́ràn yín.

Àwa ni: ìyàwó yín, àbúrò yín, Àkọ́bí, àti Àbíkẹ́yìn tó ní ká bá òun kí yín.